Abẹ Lọ́wọ́, Àdúrà Lẹ́nu: Kí Ni Àdúrà Ń Ṣe Nínú Iṣẹ́ Míṣọ́nnárì Oníṣègùn?

Ní ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ka lẹ́tà nọ́ọ̀sì kan tí a rán lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kékeré kan ní orílẹ̀-èdè tí kò jìnnà púpọ̀ sí tiwa. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni lẹ́tà náà. Ohun mẹ́fà ni ó ní kí a bá òun gbàdúrà lé lórí: kí òjò tètè dé kí táǹkì omi má baà gbẹ, kí páálí oògùn tí wọ́n dá dúró ní ibodè lè kọjá, kí bátìrì sólà tí ó ń gbé fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára lè tún lò díẹ̀ sí i, kí aláboyún ìbejì kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè sọ̀ láyọ̀, kí òun fúnra òun lè máa rí oorun sùn, kí òun sì lè ní sùúrù pẹ̀lú ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ti ka lẹ́tà náà tán, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ sólà ní agbègbè Tákíé nawọ́, ó sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí wọ́n bá ní ìgbàgbọ́, kí ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe? Bí wọ́n bá sì ní abẹ́rẹ́, kí ni wọ́n ń fi àdúrà ṣe?"

Pásítọ̀ dáhùn ní ìwọ̀nba, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa dé ẹnu géètì. Ẹnìkan ní àdúrà ni ó ń woni sàn, oògùn kàn jẹ́ àfibojú ni. Ẹlòmíràn ní oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́, àdúrà kàn jẹ́ àṣà ìjọ ni. Ẹ̀kẹta sì ní ọgbọ́n láti fi tọrọ owó ni gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ ohun tí àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí fúnra wọn gbà gbọ́ àti ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ àlàyé yìí.

Ta ni a ń pè ní míṣọ́nnárì oníṣègùn?

Míṣọ́nnárì ni ẹni tí ìjọ rán kúrò nílé lọ sí ibòmíràn nítorí ìhìn rere Jésù. Bí ẹni náà bá jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí apòògùn, tí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ìwòsàn yìí ni ó ń ṣe níbi tí a rán an lọ, òun ni a ń pè ní míṣọ́nnárì oníṣègùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn dókítà yòókù lọ ni òun náà lọ, ìdánwò kan náà ni ó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò tìtorí pé ó mọ àdúrà gbà fi abẹ lé e lọ́wọ́ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú wa, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe dókítà. Ní 1907 ni Dókítà George Green dé, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó sì di ilé-ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, èyí tí ó ti di Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí síbẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni pé ìjọ Nàìjíríà náà ti ń rán àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè báyìí, nítorí náà àwa tí wọ́n ń gbàdúrà fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń kọ lẹ́tà sí pé kí a gbàdúrà.

Ṣé ọfọ̀ ni àdúrà wọn?

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìdàrúdàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, nítorí inú àṣà wa ni ó ti wá. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ wà lára oògùn. Ẹni tí ó já ewé yóò pe ewé ní orúkọ tí ń jẹ́, yóò sọ ohun tí Ẹlẹ́dàá fi rán an, yóò sì pàṣẹ fún un pé kí ó ṣe é. Ọfọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá gbo ewé náà, tí wọ́n sì gún un, ṣùgbọ́n tí wọn kò pe ohun tí ó yẹ kí wọ́n pè sí i, oògùn náà kò tíì pé. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú wà lára ohun tí ó lè kù.

Ẹ wá ro ti baba kan láyé ìgbà yẹn tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó nítorí ìpá tí ó ń dà á láàmú. Ó rí i pé dókítà fọ ọwọ́, ó to irin, lẹ́yìn náà ó dijú, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó tó fi abẹ kan òun. Kí ni baba náà yóò rò? Yóò rò pé ọfọ̀ abẹ ni dókítà ń pè. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Títí di òní, àwọn kan nínú wa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré ṣì ń fi ojú yẹn wo àdúrà inú ilé-ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì tóbi. Ọfọ̀ ń pàṣẹ. Àdúrà ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó ń pe ọfọ̀ gbà pé bí ohun gbogbo bá pé, dandan ni kí ó jẹ́, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ tí ó bá ihò rẹ̀ mu ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ń gbàdúrà ń bá Ẹnìkan sọ̀rọ̀, Ẹni náà sì lè fún un, ó lè ní kí ó dúró, ó sì lè má fún un rárá, bí bàbá ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ọmọ. Nítorí náà, míṣọ́nnárì oníṣègùn kò gbà gbọ́ pé àdúrà òun ń fi agbára kún abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ó ń pa kòkòrò àrùn yóò pa á lára ẹni tí ó gbàdúrà àti ẹni tí kò gbà. Dókítà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ń to eegun, eegun náà sì ń jinná. Àwọn míṣọ́nnárì mọ èyí, wọn kì í sì í jiyàn rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọlọ́run kan náà tí ó ń rọ̀jò sórí olódodo àti aláìṣòdodo ni ó dá ara tí ó fi lè jinná.

Kí ni wọ́n wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí ojú wọn rí ohun tí ó yẹ kí ó rí, kí ọwọ́ má gbọ̀n, kí wọ́n rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti aláìsàn mu lọ́gànjọ́ òru, kí àárẹ̀ má sọ wọ́n di òǹrorò sí àwọn tálákà tí wọ́n tìtorí wọn wá. Wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn náà fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti ń wá, ọ̀nà yòówù kí ó gbà.

Ṣé lílo oògùn kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ kò tó?

Ọkùnrin kan tí ó ti wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ìbéèrè yìí ni Hudson Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ní 1853, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ìjì líle dìde, ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ àpáta etíkun. Ó ní bẹ́líìtì tí ó lè mú un léfòó bí ó bá bọ́ sómi, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bí bẹ́líìtì yìí bá wà lára òun, a jẹ́ pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run pátápátá. Ó bá gbé e fún ẹlòmíràn. Ọlọ́run yọ wọ́n. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́ tí ó tún ọ̀rọ̀ náà rò, ó rí i pé àṣìṣe ni ìrònú òun, pé lílo ohun tí Ọlọ́run fi sí àrọ́wọ́tó ẹni kò dín ìgbẹ́kẹ̀lé kù. Àpẹẹrẹ tí ó fi yé ara rẹ̀ ni ti iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: oníṣègùn tí ó ní oògùn lọ́wọ́ tí kò lò ó, tí ó ní àdúrà nìkan ti tó, dà bí ẹni tí ó kọ oúnjẹ òòjọ́ tí ó ní Ọlọ́run yóò mú òun yè láìjẹun.

Bíbélì pẹ̀lú ní irú rẹ̀. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí ogún, Ọba Hesekáyà ṣàìsàn dé ojú ikú, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìdáhùn ti dé ni wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà. Ìlérí ti jáde, síbẹ̀ wọ́n fi ewéko sí ojú egbò.

Kuníìnì, oògùn ibà kíkorò nì, tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan nínú ìtàn ilẹ̀ tiwa. Ní 1841, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, wà nínú ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú omi tí ó gba Odò Ọya lọ, ibà sì pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ lọ. Ní 1854 ó tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ sí odò yẹn kan náà. Dókítà Baikie tí ó jẹ́ olórí ìrìn-àjò náà ní kí àwọn òyìnbó máa lo kuníìnì ṣáájú kí ibà tó gbé wọn dè, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kú. Àdúrà wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé kuníìnì ni ó mú ìyàtọ̀ wá, Kristẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ó gbà gbọ́ kò ní bẹ̀rù láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí kuníìnì.

Kì í ṣe gbogbo àwọn olùgbàdúrà ni ó fara mọ́ èyí o. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1918 tí àwọn bàbá wa ń pè ní lúkúlúkú, nígbà tí oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ ran ènìyàn lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà dìde ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, tí wọ́n di àdúrà mú. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930 mú kí ẹ̀kọ́ yìí tàn káàkiri. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn, tí ó hàn pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì, ó di àríyànjiyàn ńlá, ó sì wà lára ohun tí ó fa ìyapa tí ìjọ C.A.C. fi dá dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wọ̀nyẹn, nítorí wọ́n san owó ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n kí á má pa ọ̀nà wọn àti ti míṣọ́nnárì oníṣègùn pọ̀. Àdúrà dípò oògùn ni tiwọn. Àdúrà pẹ̀lú oògùn ni ti míṣọ́nnárì oníṣègùn.

Ìgbà wo ni wọ́n ń gbàdúrà lójúmọ́ iṣẹ́?

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àdúrà náà kì í gùn. Ìsìn òwúrọ̀ máa ń wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ orin kan, tí wọ́n ń ka Bíbélì díẹ̀, tí wọ́n sì ń dárúkọ àwọn tí ara wọn kò yá rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu iṣẹ́ ni àdúrà wà.

Mo ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ rí, mo sì lè sọ bí ó ṣe rí. Iná ńlá wà lókè orí mi, òtútù mú mi, mo sì ń gbọ́ ìró irin tí nọ́ọ̀sì ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ sínú àwo. Dókítà ti fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà rẹ̀ kí omi lè ro wálẹ̀. Kò lè fọwọ́ kàn mí mọ́, nítorí náà nọ́ọ̀sì mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tí ó ń ka irin, ni ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi níwájú orí. Dókítà béèrè pé, "Ìyá, ṣé kí a gbàdúrà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Baba, ọwọ́ wa nìyí. Tọ́ wọn sọ́nà. Jẹ́ kí ìyá yìí jí sí ìlera. Ní orúkọ Jésù." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn àmín, nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tún irin kà lẹ́ẹ̀kejì.

Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni n kò gbàgbé. Àdúrà tí wọ́n gbà kò mú kí wọ́n fo ohun kan nínú ètò iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ilé-ìwòsàn tí ó ń fi àdúrà gígùn bo àìfọwọ́ àti àìkà irin, ẹ má ṣe pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́.

Aláìsàn tí kì í ṣe Kristẹni ńkọ́?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé inú agboolé kan náà ni, nítorí náà ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ṣáájú, kí wọ́n sì fara mọ́ èsì rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, dókítà lè gbàdúrà nínú ọkàn ara rẹ̀, ìtọ́jú kò sì gbọdọ̀ fi ìka kan dín kù. Aláìsàn kò ní agbára láti dìde kí ó lọ. Kíkó àdúrà bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójijì kò bá ìfẹ́ tí wọ́n ní àwọn fi ń ṣiṣẹ́ mu.

Kí ni àdúrà àwa tí a wà nílé wúlò fún?

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà ti fi èyí ṣe iṣẹ́. Ẹgbẹ́ W.M.U. wọn (Woman's Missionary Union), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888, a máa tẹ kàlẹ́ńdà àdúrà, wọn a sì kọ orúkọ míṣọ́nnárì kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Dókítà tí ó wà lókèèrè, tí ibà ń ṣe, tí kò rí ará ilé rẹ̀ láti ọdún méjì, mọ̀ pé ní ọjọ́ ìbí òun, àwọn ìyá tí òun kò mọ̀ rí ń pe orúkọ òun ní abúlé tí òun kò dé rí. Kí á má fojú kéré ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ènìyàn. Ìdánìkanwà ti lé míṣọ́nnárì púpọ̀ padà sílé.

Àdúrà a tún máa ṣí àpò. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà fún ilé-ìwòsàn kan lójoojúmọ́ yóò pẹ́ yóò yá béèrè ohun tí wọ́n ṣe aláìní. Lottie Moon, míṣọ́nnárì ní Ṣáínà tí kì í ṣe dókítà, ni ó kọ̀wé sílé pé kí àwọn obìnrin ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ ṣáájú Kérésìmesì fún àdúrà àti ọrẹ. Ọrẹ àkọ́kọ́ wáyé ní 1888, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti 1912. Ní ti Hudson Taylor, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1865 kò ní tọrọ owó lọ́wọ́ ènìyàn, Ọlọ́run nìkan ni wọn yóò sọ fún. Ọ̀nà méjèèjì dára lójú mi. Èyí tí n kò fẹ́ ni lẹ́tà tí ó pe ara rẹ̀ ní ìbéèrè àdúrà, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wà ní ìlà kejì. Bí owó bá ni ẹni fẹ́, kí ó sọ pé owó ni.

Bí wọ́n bá gbàdúrà, tí ẹni náà sì kú ńkọ́?

Ìbéèrè tí ó wúwo jù nìyí. Ní January 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn míṣọ́nnárì ní Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kó àìsàn náà, òun náà kú. Lily Pinneo, tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì, kó o pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Ohun ìjà tí ara rẹ̀ ti ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi gba Jordi Casals là, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó kó àrùn náà níbi tí ó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Dókítà Jeanette Troup, tí ó ti tọ́jú wọn ní Jos, kó o níbi iṣẹ́, ó sì kú. Ibà Lassa tí à ń gbọ́ lórí rédíò lọ́dọọdún nìyẹn.

Obìnrin àdúrà ni àwọn míṣọ́nnárì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta kú, ọ̀kan yè. Ẹni tí ó bá ka àdúrà sí ọfọ̀ yóò máa wá ewé tí ó kù: bóyá wọn kò gbààwẹ̀ tó, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí létí òkú, ó sì burú jáì. Àwọn míṣọ́nnárì kì í wá ewé kankan. Wọ́n mọ̀ pé Jésù alára gbàdúrà nínú ọgbà pé kí ago kan ré òun kọjá, ago náà kò sì ré e kọjá. Wọ́n sunkún, wọ́n sin òkú wọn, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì padà sí wọ́ọ̀dù. Kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi wọn ohun tí ó mú wọn padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn fúnra wọn, àdúrà ni wọn yóò dárúkọ.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà náà?

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí ó máa ń kọ àwọn ìbéèrè àdúrà sí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Bí lẹ́tà kejì bá dé, yóò gbé ìwé náà ka orí itan, yóò sì kọ ọjọ́ sí iwájú èyí tí Ọlọ́run ti dáhùn. Ìyókù yóò wà bẹ́ẹ̀, a ó sì tún gbàdúrà lé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje ni lẹ́tà nọ́ọ̀sì wa tún dé. Òjò ti rọ̀. Páálí oògùn ti kọjá, ṣùgbọ́n oògùn díẹ̀ ti bàjẹ́ nínú oòrùn. Wọ́n gbé aláboyún náà lọ sí ìlú ńlá ní òru, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Táyé àti Kẹ́hìndé wà láàyè. Kò sọ nǹkan kan nípa oorun tàbí nípa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ti kú pátápátá, inú kúlà oníyìnyín ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí báyìí.

Ìyá àgbà kọ ọjọ́ sí iwájú mẹ́ta. Kí a tó dìde fún àdúrà, ọ̀dọ́kùnrin tí ó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́sí tún nawọ́. Ó fẹ́ mọ irú bátìrì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, àti iye fóòtì rẹ̀.